Àkúrẹ́ ni wọ́n ti fagi lé èdè ilé: ṣé Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́lé-ó-sinmi ló máa gba ọmọ là?

Tíṣà Ìjọ̀kà: Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ ṣe ìpàdé wọn ní Àkúrẹ́ níbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa ìlànà 2022 tì, èyí tó ní kí a fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló kù báyìí, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ohun tí Mínísítà Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, sọ ni pé níbi tí wọ́n ti ń lo èdè ìbílẹ̀ jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 wọ kíláàsì kìíní ní 2013: ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó wọlé ní 2023, lẹ́yìn tí ìlànà yẹn jáde, di 2035 kó tó ṣe WAEC. Ẹjọ́ wo la wá fi èsì ti àkọ́kọ́ dá fún èkejì?

Ọmọ Olóyèmẹkùn: Tíṣà, ẹ fi apá kan sílẹ̀. Èdè ìbílẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti 1977 ti ní kí èdè àdúgbò ṣíwájú, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á. Ọmọ 2013 tí ẹ sọ yẹn, abẹ́ òfin náà ló bẹ̀rẹ̀ sí.

Tíṣà Ìjọ̀kà: Lórí ìwé ni. Ilé-ìwé aládàáni kì í sọ Yorùbá láti ẹnu géètì. Ti ìjọba ńkọ́? Ìwé Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé Yorùbá, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn kì í ṣe fífi èdè ilé kọ́ ọmọ. Olùkọ́ ń túmọ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, oníkálùkù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èyí pe “evaporation” ní oru, èkejì pè é ní gbígbẹ, ọmọ sì máa bá ọ̀rọ̀ kẹta pàdé nínú ìdánwò.

Oníwèé Ọba Adésidà: Ọ̀rọ̀ ìwé gan-an ni. Ìwé Yorùbá tó ń tà ni èyí tí wọ́n fi ń kọ́ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ìwé ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá fún kíláàsì kẹrin? Atẹ̀wé kì í tẹ ohun tí ilé-ìwé kò béèrè, ilé-ìwé kì í sì í béèrè ohun tí kò sí lórí àtẹ.

Ọmọ Ẹ̀kímọ̀gún: Ẹ jẹ́ kí n mú ètò ìwádìí Ifẹ̀ lórí fífi Yorùbá kọ́ni wá, torí ọ̀pọ̀ ń dárúkọ rẹ̀ láì sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní St. Stephen's “A”, Mọ̀dákẹ́kẹ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Ford Foundation, àjọ aláàánú kan ní Amẹ́ríkà. Apá kan fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì bí àṣà. Ibi tí àwọn èèyàn ń fò rèé: àwọn oní-Yorùbá ọdún mẹ́fà kò pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ni wọ́n yàn lọ́tọ̀ láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ ilé-ìwé. Wọ́n sì kọ ìwé tuntun kí ọmọ tó dé kíláàsì tó máa lò ó. Nígbà tí èsì dé, àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ọmọ Olóyèmẹkùn: Owó Ford, àti ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì! Kí ni ò ní yege? Ẹ fi wé ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, tí Oǹdó wà nínú rẹ̀. Ọmọ 456,600 ní 1954 di 811,432 lọ́dún kan ṣoṣo. Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ kò tó, àwọn tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló kún kíláàsì, wọ́n sì ń sáré dá kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ọlọ́dún méjì, Grade III, sílẹ̀. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé mélòó kan lè fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ tó bá di ti gbogbo ìlú.

Ẹ tún wo Tanzania. Láti 1967 ni Kìswahílì ti jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún méje alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wọ sẹ́kọ́ńdìrì, gbogbo iṣẹ́ di Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kan. Á máa da ọ̀rọ̀ ojú pátákó kọ sínú ìwé rẹ̀, kò sì yé e. Gúúsù Áfíríkà ńkọ́? Lábẹ́ Òfin Ẹ̀kọ́ Bantu ti 1953, ìjọba aláwọ̀ funfun fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú fún ọdún mẹ́jọ, kí ó má baà kúrò ní ipò ìsàlẹ̀ tí wọ́n yàn fún un. Èdè ilé lè di ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ọmọ Ẹ̀kímọ̀gún: Ti Gúúsù Áfíríkà, òótọ́ ni, ó sì dùn mí láti rántí rẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ ló jẹ́ ẹ̀wọ̀n níbẹ̀: wọ́n dín ẹ̀kọ́ náà kù mọ̀ọ́mọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Soweto sì jáde ní June 16, 1976, Afrikaans, èdè àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ṣèjọba, tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ wọn ní ìṣirò ni wọ́n kọ̀.

Ti Tanzania, ẹ ti dáhùn ara yín. Afárá láti èdè ilé sí Gẹ̀ẹ́sì ló já. Finland ò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò. Ọmọ ọdún méje ló ń wọ ilé-ìwé wọn, Finnish tàbí Swedish ni èdè ìkọ́ni, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ iṣẹ́ kan, síbẹ̀ àwọn èèyàn wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere. Olùkọ́ wọn gbọ́dọ̀ ní oyè másítà. Malaysia gbé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì sínú Gẹ̀ẹ́sì ní 2003; ní 2009 wọ́n kéde pé àwọn ń padà, torí àwọn ọmọ ìgbèríko ń ṣubú. Ghana náà ní Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kìíní ní 2002, wọ́n sì yí i padà ní 2007. Ọ̀nà tí àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà yìí, àwọn kan ti rìn ín, wọ́n sì ti padà.

Ọmọ Olóyèmẹkùn: Ó dáa. Ẹ wá sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá yẹn ní kíláàsì, kì í ṣe ní Finland.

Tíṣà Ìjọ̀kà: Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kíkà. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìró tirẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ wọ́n á ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Nínú “though”, “through” àti “enough”, lẹ́tà mẹ́rin kan náà ló ń pe ìró mẹ́ta. Nítorí náà, Yorùbá ni ká kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, kí Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́nu lásán ní kíláàsì kìíní: orin, ìkíni, orúkọ nǹkan. Àmọ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi àmì sí i. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí olùkọ́ bá kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì sí àmì, àfọ̀ṣẹ ni ọmọ ń ṣe.

Bí Gẹ̀ẹ́sì kíkà bá wá dé ní kíláàsì kejì, ibi méjì ló ti ń bàjẹ́. Ọmọ tó mọ “kan” á fi imú ka “can”. P tó wà nínú pẹ́pẹ́yẹ ni yóò fi ka “pen”. Bí olùkọ́ kò bá ya ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sọ́tọ̀ fún ìyàtọ̀ wọ̀nyí, wọ́n á bá ọmọ dé SS3, a ó wá ní Yorùbá ló bà á jẹ́.

Ìṣirò wá. Ro 46 mọ́ 38. Orúkọ Yorùbá ti fi ọ̀nà hàn: mẹ́rìndínláàádọ́ta, méjìdínlógójì. Àádọ́ta àti ogójì jẹ́ àádọ́rùn-ún. Èyí tí a dín, mẹ́rin àti méjì, jẹ́ mẹ́fà. Yọ ọ́, ó ku mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ọmọ ti parí rẹ̀ lórí kó tó mú bírò. Ewu rẹ̀ wà nínú kíkọ: ó gbọ́ “mẹ́rìn” àti “àádọ́ta”, ó kọ 54. Igi ìgbálẹ̀ ló ń wo èyí sàn. Di í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, tẹ́ ìdì márùn-ún sílẹ̀, tú ọ̀kan, yọ mẹ́rin. Ìdì mẹ́rin àti igi mẹ́fà ló kù lójú ọmọ: 46. Lẹ́yìn náà ni kó kọ ọ́.

Oníwèé Ọba Adésidà: Ká ní ẹnì kan lè tẹ èyí tí tíṣà kọ yìí sínú ìwé olùkọ́!

Ará Arógbò: Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ilé kan ṣoṣo ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ijaw ni èdè ilé wa ní Arógbò. Ní Àkókó, Arigidi ní èdè tirẹ̀. Ọmọ Arógbò tí ẹ fi Yorùbá kọ́, èdè àjèjì lẹ fi kọ́ ọ, kí Gẹ̀ẹ́sì tó wá di àjèjì kejì. Ó sàn kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ Olóyèmẹkùn: Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti òwúrọ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀kímọ̀gún: Ẹ jàre, ẹ̀gbọ́n, a ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ethiopia. Ìlànà wọn ti 1994 fún agbègbè kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn Oromo fi tiwọn kọ́ ọmọ dé kíláàsì kẹjọ. Kò sẹ́ni tó fi Amharic, èdè ẹ̀yà mìíràn, rọ́pò fún wọn kó pè é ní èdè ilé.

Tíṣà Ìjọ̀kà: Fún Arógbò, kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ṣe kókó. Ìwé kíkà Ijaw kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ìwé ìṣirò kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé olùkọ́ kan. Ìwé méje lápapọ̀. Kì í ṣe òkè tí apá ò ká.

Ará Arógbò: Ìwé méje kò le. Ẹni tó máa fi kọ́ni ló le. Wọ́n lè gbé olùkọ́ láti Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó wá bá wa, kó má gbọ́ Ijaw rárá. Ọmọ wa tó gbọ́ ọ náà sì lè má mọ̀ ọ́n kọ. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí SUBEB, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ bi wọ́n nípa ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní Ẹsẹ̀-Odò, ìjọba ìbílẹ̀ wa: olùkọ́ mélòó ló gbọ́ Ijaw, mélòó ló lè kà á, mélòó ló lè kọ ọ́. Bí ìbéèrè yẹn bá wà nínú rẹ̀, èmi náà á fọwọ́ sí i.