Ta ló ní obìnrin Òwe 31 kì í ṣòwò?

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá kan nínú ìjọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ti gbọ́ pé mo ń ránṣọ fún àwọn èèyàn, wọ́n sì ti gbọ́ pé mo ń gbowó iṣẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o ní ò ń kọ́ ọmọ nílé, tó o ní ilé lo gbájú mọ́, kí ló tún pa ọ́ pọ̀ mọ́ owó? Ìyàwó ilé inú Bíbélì kì í ṣòwò. Ọkọ ní í wá owó, ìyàwó a sì mójú tó ilé. Bó ṣe wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, mà," ni mo dáhùn. Ṣùgbọ́n kí n tó délé, orí mi ti gbóná. Ẹni kẹrin nìyẹn láàárín ọdún kan tí yóò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, àfi bíi pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti kọ́ ọ sórí. Tí wọ́n bá ní mò ń ṣe àṣejù, mo lè gbà. "Inú Bíbélì" àti "ìgbà ìwáṣẹ̀" tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn ni mi ò lè gbé mì. Èmi náà mọ̀wé kà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìyàwó ilé ni mò ń kẹ́gàn. Ìyàwó ilé ni mí. Ọmọ mẹ́ta ni mò ń kọ́ nílé, tábìlì tí a fi ń jẹun ni kíláàsì wa, àdúrà la fi ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, ọdún kẹfà wa sì rèé. Mi ò kábàámọ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n sọ pé obìnrin tó bá ń pa owó wọlé ti yà kúrò lójú ọ̀nà tí Ọlọ́run là fún ilé. Irọ́ ni, inú Ìwé Mímọ́ gan-an ló sì ti kọ́kọ́ fọ́.

Òwe 31 ni wọ́n fi ń gún wa ní kẹ́ṣẹ́. Agbára káká ni ìpàdé àwọn obìnrin kan fi máa ń parí láìkà á. Wọ́n á ka ẹsẹ 10, pé iye obìnrin oníwà rere ju iyùn lọ, wọ́n á wá fò fẹ̀rẹ̀ lọ sí ìparí, níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dìde tí wọ́n pè é ní alábùkún fún. Àárín ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ka àárín. Ẹsẹ 13: ó wá irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹsẹ 16: ó yẹ ilẹ̀ kan wò, ó rà á, èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi gbin ọgbà àjàrà. Kò sí níbẹ̀ pé ó lọ tọrọ owó ilẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ. Ẹsẹ 18: ó rí i pé ọjà òun dára, fìtílà rẹ̀ kì í sì í kú lóru. Ẹsẹ 24 ló wá tú gbogbo rẹ̀ síta: ó ń ṣe aṣọ ọ̀gbọ̀, ó ń tà á, ó sì ń kó àmùrè fún àwọn oníṣòwò.

Ó ń tà á! Kò sọ pé ó ń fi ta ẹbí lọ́rẹ, kò sì sọ pé ọwọ́ ló dilẹ̀ tó fi ń ṣe é. Àwọn oníṣòwò ń gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ ló ń ṣe tà, bíi tèmi, àfi pé òwò tirẹ̀ fi tèmi sílẹ̀ fíìfíì. Níbo ni ọkọ rẹ̀ wà ní gbogbo àsìkò yìí? Ẹ wo ẹsẹ 23: ó jókòó ní ẹnubodè láàárín àwọn àgbà ilẹ̀ náà. Mi ò ní sọ nǹkan kan síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ 26 ní ó ń fi ọgbọ́n ya ẹnu rẹ̀, ẹ̀kọ́ inúure sì wà ní ahọ́n rẹ̀. Ẹsẹ kan ṣoṣo ló wà láàárín ibi tó ti ń tajà àti ibi tó ti ń kọ́ni. Obìnrin kan náà ni, inú ilé kan náà ni. Ẹ tún padà sí ẹsẹ kìíní orí yẹn, tí ẹnikẹ́ni kì í kà: ọ̀rọ̀ Lémúẹ́lì ọba ni, ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ gbọ́ o, ohun tí ìyá kọ́ ọmọ! Ìyá yẹn kìlọ̀ fún un nípa obìnrin àti nípa ọtí, ó ní kó la ẹnu rẹ̀ fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, kó gbèjà tálákà àti aláìní, lẹ́yìn náà ni ewì obìnrin rere tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní ewì yẹn dá dúró fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 22 ló ní, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù ló sì bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, tẹ̀léra-tẹ̀léra, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ABD. Nígbà tí mo rí ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ewì tó jọ ìwé ọmọdé yìí kọ́ni pé obìnrin rere ń ra ilẹ̀, ó sì ń tajà, àwa wá ń fi lé obìnrin kúrò nídìí ọjà.

Wọ́n á ní obìnrin yẹn ní àwọn ìránṣẹ́bìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà ní ẹsẹ 15. Ẹni tó bá ń fi í díwọ̀n mi, kó kọ́kọ́ rán ìránṣẹ́bìnrin méjì wá bá mi ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ibi kejì tí wọ́n ń sá sí ni Títù 2:5, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí àwọn àgbà obìnrin kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin nípa ilé. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nínú àwọn ẹ̀dà àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù ni oikourgos, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé. Nínú àwọn ẹ̀dà tó dé lẹ́yìn, lẹ́tà kan ṣoṣo yọ kúrò, ó di oikouros, ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Èwo nínú méjèèjì ló ní kí obìnrin má gbowó? Nínú 1 Tímótíù 5, ẹsẹ 13, ohun tí Pọ́ọ̀lù bá wí ni àìríkan-ṣèkan: àwọn tó ń ti ilé dé ilé, tí wọ́n ń ṣòfófó, tí wọ́n ń tojú bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Ìmẹ́lẹ́ ló bá jà. Ní ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n máa ṣàkóso ilé, ọ̀rọ̀ tó sì lò fún un, oikodespotein, ọ̀rọ̀ olórí ilé ni. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló wọ̀ sílé Ákúílà àti Pírísílà ní Kọ́ríńtì, Ìṣe 18:3, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ àgọ́ pípa nítorí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Kò sọ fún Pírísílà pé kó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, Pírísílà àti ọkọ rẹ̀ mú Àpólò oníwàásù sọ́dọ̀, wọ́n sì la ọ̀nà Ọlọ́run yé e dáadáa. Lìdíà ará Tíátírà náà wà ní Fílípì, tó ń ta aṣọ elésè àlùkò. Ilé rẹ̀ ni àwọn ará ń wọ̀ sí.

Ó ku "ìgbà ìwáṣẹ̀". Ìgbà ìwáṣẹ̀ wo? Kí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó dé, inú ilé ni iṣẹ́ wà. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin ló ń ran òwú nílé, wọ́n sì ń gbowó rẹ̀. Nínú àwọn ọdún 1760 ni James Hargreaves ṣe ẹ̀rọ tó ń ran fọ́nrán òwú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1769, Richard Arkwright gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì gbé ilé iṣẹ́ tí omi ń yí ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ ní Cromford ní 1771. Díẹ̀díẹ̀, òwú rírán jáde kúrò nílé. Iṣẹ́ bá owó lọ, ọkọ bá iṣẹ́ lọ, obìnrin tálákà àtàwọn ọmọ rẹ̀ náà wọ́ tẹ̀ lé wọn wọnú ilé iṣẹ́. Ìyàwó olówó ló ráyè jókòó sínú ilé tí iṣẹ́ ti tán nínú rẹ̀. Àwòrán ìyàwó olówó yẹn ni wọ́n gbé kọ́ ògiri fún wa pé ohun ìwáṣẹ̀ ni.

Ẹ wo ìyàwó pásítọ̀ tó wà ṣáájú ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ. Katharina von Bora, tí Martin Luther, ará Jámánì tó ṣe àtúnṣe ìjọ, fẹ́ ní 1525, ti jẹ́ obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ (nọ́ọ̀nù) rí. Ilé ńlá tó ti jẹ́ ti àwọn mọ́ńkì tẹ́lẹ̀ ní Wittenberg ni wọ́n ń gbé. Ó ń pọn bíà, ó ń sin màlúù, ó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílé tí wọ́n ń sanwó ibùgbé, ó tún ń bójú tó oko. Ọmọ mẹ́fà ló bí. Ọ̀rọ̀ owó kò jọ Luther lójú rárá; kání ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ilé wà, ebi ì bá pa wọ́n. Ó máa ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, á pè é ní "Ọ̀gbẹ́ni Käthe". Ẹ lọ sọ fún Käthe pé kì í ṣe ìyàwó ilé.

Wọ́n tún máa ń fi Susanna Wesley, ìyá John Wesley tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, há mi lọ́fun. Mo fẹ́ràn ìyá yìí. Ọmọ 19 ló bí, 10 ló dàgbà, ó sì kọ́ wọn nílé ní Epworth, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, aago 9 sí 12, aago 2 sí 5. Ó máa ń ya àkókò sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Àmọ́ àwọn tó ń kà á fún mi kì í sọ pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wà nínú ilé yẹn, wọn kì í sì í sọ pé wọ́n ju ọkọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n gbèsè ní 1705. Susanna kó òrùka rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lẹ́wọ̀n kó fi jẹun, nítorí kò sí owó nílé. Ọkọ dá a padà. Ṣé òṣì yẹn ni ìwà mímọ́ tí wọ́n fẹ́ kí n kọ́?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí mo ti gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ rí. Ní ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ nílé, obìnrin kan tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn ìyá sọ fún mi pé ọkàn mi ti pín sí méjì, kí n gbé maṣínì mi tì. Mo da aṣọ bò ó, mo tì í sí igun yàrá. Oṣù méje. Mo dẹni tó ń tọrọ owó pẹ́ńsù. Ìwé ìṣirò tí àkọ́bí fẹ́ lò kò ṣeé rà, bàbá àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ àṣekún títí di òru, a kì í sì í rí i níbi àdúrà alẹ́ mọ́. Ẹ ò rí nǹkan? Nítorí kí ilé lè wà bó ṣe yẹ, bàbá kò sí nílé mọ́, bẹ́ẹ̀ Éfésù 6:4 dárúkọ àwọn bàbá ni nídìí títọ́ ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí aṣọ kúrò lórí maṣínì lálẹ́ ọjọ́ kan, ó kán epo sí i, ó ní, "Màmá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

Ohun tí mi ò retí ni ti àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń kọ́ àkọ́bí ní ìdá nínú ìwé, omijé ló ń fi parí rẹ̀. Mo ń wọn aṣọ lọ́jọ́ kan, mo na téèpù fún un pé kó bá mi dì í mú. Ó wo inú ínṣì kan, ó rí ìlàjì, ó rí ìdámẹ́rin, ó rí ìdámẹ́jọ. Ó ní, "Màmi, ìdámẹ́jọ méjì ni ìdámẹ́rin kan!" Ibẹ̀ ni ẹkún ìṣirò parí sí. Àbúrò rẹ̀ ló ń kọ rìsíìtì báyìí, ìkọ̀wé rẹ̀ sì ti dára ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Diutarónómì 6:7 ní ká máa kọ́ ọmọ nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí a bá dìde. Ẹ fi ìdí maṣínì kún un.

Wọ́n á ní owó ń mú obìnrin gbéraga. Mo ti rí agbéraga tí kò ní kọ́bọ̀. Wọ́n á ní àwọn ọmọ á di ẹni àpatì. Àpatì bawo, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n wà?

Ó dáa, mo gbà pé ìgbà wà tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró. Nígbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn, mi ò fọwọ́ kan aṣọ fún oṣù márùn-ún, iṣẹ́ tó bá sì gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ pátápátá, èmi náà ò ní gbè é lẹ́yìn. Ibi tó yẹ kí oníkálukú fà á dé, mi ò lè wọ̀n ọ́n fún un. Ìyàwó tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá fẹnu kò pé kó má ṣòwò, kò ṣẹ̀. Kó má kàn sọ ọ́ di òfin Ọlọ́run lọ́rùn mi.

Ìyá yẹn tún ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí pé àwọn á wá kí mi lọ́sàn-án kí a jọ gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà. Kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n á bá mi nílé. Ọ̀la ni oníbàárà ń bọ̀ wá gba aṣọ rẹ̀, kọ́là rẹ̀ sì kù tí mi ò tíì rán.