Àtúnṣe: Gbèsè tó kọjá ìdá 90 kì í ṣe ìparun

Wọ́n ń pín in kiri pé Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí gbèsè ìjọba bá ti kọjá ìdá 90 nínú 100 ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún, ọrọ̀ ajé á máa súnkì. Irọ́ ni.

Lọ́dún 2013, Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ lásán, ṣí fáìlì Excel (ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà) wọn wò: àròpọ̀ inú rẹ̀ ti fo orílẹ̀-èdè márùn-ún, Kánádà wà níbẹ̀. Òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ tún gbogbo ìṣirò náà ṣe. Ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé lọ́dún níbi tí gbèsè ti kọjá ìdá 90, tí Reinhart àti Rogoff pè ní -0.1, wá di 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún! Reinhart gbà pé àṣìṣe Excel náà wà, ṣùgbọ́n ó dúró lórí i pé gbèsè ńlá àti ìdàgbàsókè tó falẹ̀ jọ máa ń rìn ni. Èwo ló fa èkejì? Ìyẹn ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀.