Ibà 38 kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ sórí áàpù ká sì sùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé pé áàpù ọ̀fẹ́ dára fún aláìsàn jẹjẹrẹ, ẹ ní kí ẹni tó ń gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tẹ ibà rẹ̀ sórí áàpù, kó wá dúró de èsì? Ọ̀rọ̀ yẹn léwu o. Nínú ìwádìí dókítà jẹjẹrẹ Ethan Basch ní New York tí ẹ tọ́ka sí, tó jáde ní 2017, lóòótọ́ làwọn tó ń ròyìn bí ara wọn ṣe rí lórí kọ̀ǹpútà pẹ́ láyé ju àwọn tó gba ìtọ́jú lásán lọ, oṣù 31.2 sí 26 ní agbedeméjì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ìkìlọ̀ ń lọ bá. Áàpù ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ ní ká lò yìí, ta ló ń ka ohun tí a tẹ̀ síbẹ̀ lóru?

Tí tẹmómítà bá ti ka 38°C, ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ lo parasitamọ́ọ̀lù, torí ó máa ń bo ibà mọ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kímò ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tó ń bá àrùn jà, sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù.