Ta ló ní kí wọ́n ká sítíkà mi sí méjì?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi dispatch gba ẹrù l'Ékòó, ẹ bá mi gbọ́ ọ o. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni inú ti ń bí mi tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Àbúrò mi fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú àpòòwé tí sítíkà náà wà nínú ẹ̀, ó tún kọ ọ́ sí ẹ̀yìn: Ẹ MÁ KÁ A, Ẹ MÁ JẸ́ KÍ OMI KÀN ÁN. Ọmọ dispatch tó gbé e wá ká a. Ó ká a sí méjì bí ẹni tó fẹ́ fi ìwé ìròyìn pọ́n ẹ̀pà, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà ṣí.

Oṣù méje! Oṣù méje ni mo ti ń kọ́ bàlúù kékeré oníke tí mo fẹ́ lẹ sítíkà yẹn mọ́. DC-10 ni, irú bàlúù ńlá akérò kan, ìwọ̀n 1/144, ìyẹn ni pé bàlúù gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 144; láti imú dé ìdí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38 lọ. Ẹni tó bá ti kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì rí mọ ohun tí mò ń sọ. Mo lẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, mo fi sáńpépà 400 ha á, mo fi 800 ha á, mo rẹ 1000 sómi mo tún fi ha á, títí èékánná mi ò fi mọ ibi tí wọ́n gbé so pọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fín ọ̀dà funfun. Àkọ́kọ́, wọ́n mú iná lọ nígbà tí mo dé ìdajì, ọ̀dà tutọ́ sí gbogbo ara ẹ̀, mo ní láti ha gbogbo ẹ̀ kúrò. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, eruku ọyẹ́ bà lé e kó tó gbẹ. Ọ̀dà gan-an tún ńkọ́? Èyí tó yẹ ká máa lò máa ń gbiná, wọn kì í gbà á sínú bàlúù, ọ̀dà mọ́tò ni mo sì ń rà. Tínà tí wọ́n fi ń pò ó, bó bá pọ̀ díẹ̀ báyìí, ó ń jẹ ike bí ikán. Apá ọ̀tún ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un ṣe. Mi ò pariwo. Mo fara da gbogbo ìyẹn.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ DC-10. DC-10 tí wọ́n ṣe láyé jẹ́ 446. Èyí tó ṣìkẹyìn gbogbo wọn, Nigeria Airways, ilé-iṣẹ́ bàlúù ìjọba wa nígbà náà, ló gbà á, ní oṣù Keje ọdún 1989. Wọn ò ṣe òmíràn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ni mò ń kọ́. Bàbá mi a máa gbé mi lé èjìká lẹ́bàá ọgbà pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà, wọ́n á nàka sókè, wọ́n á ní, "Wò ó, erin ń bọ̀." Torí erin abìyẹ́ ni àmì Nigeria Airways. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 2003. Bàbá mi náà ti lọ. Bí mo bá fẹ́ kí ọmọ mi rí erin yẹn lára bàlúù, àfi kí n fọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́ sí i.

Kíìtì tí mo rà, ìyẹn páálí tí wọ́n kó àwọn ike bàlúù náà sí, kò ní sítíkà Nigeria Airways nínú. Ọkùnrin kan ní Bírítéènì ló máa ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi dúró kó tó kàn mí. Àbúrò mi mú un bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, inú ìwé ló tẹ́ ẹ sí, ìwé náà ló gbé lé itan láti ibẹ̀ wá dé Ìkẹjà. Kò tẹ̀, kò wó. Láti Ìkẹjà dé Ìkòròdú ni nǹkan bàjẹ́!

Sítíkà yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò. Ó fẹ́lẹ́ ju awọ inú àlùbọ́sà lọ. Gọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ ẹ̀, omi ló ń jí i. Ẹ ó rì í sómi díẹ̀, á máa yọ̀ lórí bébà, ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì rọra tì í sí ibi tó yẹ. Bí ẹ bá ká a, ó sán. Bí omi bá kàn án kó tó tó àkókò, ó ti tán.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ní ọmọ náà máa dé. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Aago méjìlá, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń bọ̀." Aago méjì, "Mo ti wà ní junction yín." Junction wo? Mo dúró sínú òjò níbẹ̀, mi ò rí ẹnì kankan. Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ló dé. Ó ṣí àpótí ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó gbé bàtà ẹnì kan kúrò, ó gbé irun ẹnì kan kúrò, ó wá gbé ọ̀rá ẹja Títù oníyìnyín kúrò, omi ẹja ń ro tó, tó, tó. Abẹ́ ẹja yẹn ló ti fa àpòòwé mi jáde.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi ká a?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò wọ inú àpótí ni. Ìwé ṣá ni, kò lè fọ́."

"Ṣé o rí ohun tí wọ́n kọ síbí?"

"Mo rí i, sà."

Ó rí i! Ó kà á, ó sì ká a!

Kò síná nílé, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi tú u wò. Ìlà àwọ̀ ewé tó yẹ kó gba ẹ̀gbẹ́ bàlúù lọ ti sán wẹ́wẹ́ níbi tí wọ́n ká a sí. Erin náà, orí ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó, ara ẹ̀ wà lórí bébà. Mo ní kí n dán apá kan ìlà yẹn wò nínú omi. Ó já sí mọ́kànlá. Mo kà á. Bébà náà ń rùn ẹja.

Mo pe ọ́fíìsì wọn. Obìnrin tó gbé e ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ṣé sítíkà lásán ni?" Lásán! Àwọn ará ilé mi gan-an ti ń pè é ní ìṣeré ọmọdé láti ọjọ́ yìí, wọ́n á gbé abọ́ ọbẹ̀ lé tábìlì mi, wọ́n á fi gbálẹ̀ gbá ẹsẹ̀ bàlúù tó jábọ́ dà nù. Bí mo bá ń ra ọtí ni, kò sẹ́ni tó máa sọ pé lásán ni. Obìnrin náà ní àwọn máa dá ₦4,500 tí mo san fún dispatch padà fún mi. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin Bírítéènì yẹn lóru ọjọ́ náà. Ó ní òun ti tà á tán, òun ò sì mọ ìgbà tí òun máa tún tẹ òmíràn.

Bàlúù mi wà lórí tábìlì báyìí, ó funfun báláú, kò lórúkọ, kò lámì.

Ẹ fi páálí líle sínú àpótí yín. Ẹ yọ ẹja kúrò lórí ìwé. Ẹni tí kò bá ní tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára ẹrù, ẹ gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ di ₦4,500 yín mú, mi ò fẹ́. Erin mi ni kí ẹ bá mi gbé wá, lódindi, torí-tìrù.