Igi inú Àgbélébùú Ìṣẹ́gun kì í ṣe igi Pelayo

Ẹ wo àsíá Asturias, ní àríwá Sípéènì: aṣọ búlúù, àgbélébùú aláwọ̀ ìyeyè lórí rẹ̀, lẹ́tà Gíríìkì méjì sì ń fì lábẹ́ apá rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ibi tí àgbélébùú náà ti wá, ìtàn tí ẹ máa gbọ́ ni pé Pelayo, ọba wọn àkọ́kọ́, ló gbé e dání lójú ogun Covadonga ní nǹkan bí ọdún 722, nígbà tó lé àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí padà. Wọ́n ní igi óákù lásán ni nígbà náà, ọba mìíràn ló wá fi wúrà bò ó.

Àgbélébùú oníwúrà yẹn, tí wọ́n ń pè ní Àgbélébùú Ìṣẹ́gun, wà lóòótọ́. Ó wà ní Cámara Santa, yàrá ohun mímọ́ tó wà nínú kàtídírà Oviedo. Gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 92, òkúta iyebíye kún iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ bá mi wò, torí ibẹ̀ ló ti fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́tà Látìnì tí wọ́n fi wúrà ṣe ló tò sí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọba Alfonso àti Ayaba Jimena, ìránṣẹ́ Kristi, ló fi ta Ọlọ́run lọ́rẹ, àti pé ilé olódi Gauzón ni wọ́n ti ṣe é, ní ọdún kejìlélógójì ìjọba wọn. Ọdún 946 ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n òǹkà ọdún tí Sípéènì ń lò nígbà náà fi ọdún 38 ṣíwájú tiwa. 908 nìyẹn. Wọ́n tún gbé e ṣépè: ẹnikẹ́ni tó bá gbójú gbé ẹ̀bùn yìí kúrò, kí àrá Ọlọ́run sán pa á. (Lóṣù kẹjọ ọdún 1977, olè gbé e, ó sì tú wúrà àti òkúta ara rẹ̀ palẹ̀. Ọdún 1982 ni wọ́n tó tún un ṣe tán.)

Ẹ kà á tán, ẹ ò ní rí orúkọ Pelayo níbẹ̀. Alfonso kẹta yìí kì í sì í ṣe ẹni tí í fi Pelayo pamọ́. Ìwé ìtàn tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè ròyìn Covadonga dáadáa, débi pé ó ní òkúta tí ọ̀tá jù padà lọ bá àwọn tó jù ú. Kò dárúkọ àgbélébùú óákù kankan. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ọba yìí, ṣé á dákẹ́?

Àwọn onímọ̀ tún fi kábọ́nù, ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ohun àtijọ́, yẹ igi inú rẹ̀ wò. Ìgbà Alfonso ni igi náà ti wá, kò dàgbà tó ìgbà Pelayo.

Ìtàn ọ̀hún kò ṣàdédé yọ, mo gbà. Favila ọmọ Pelayo kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgbélébùú Mímọ́ sí Cangas de Onís ní 737, ó sì rọrùn láti so ìyẹn mọ́ èyí. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, òpìtàn Ambrosio de Morales kọ ìtàn Pelayo náà sílẹ̀ nípa àgbélébùú Oviedo, ó sì rinlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Jimena ló dùn mí jù. Wúrà ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, láti ọdún 908, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Àsíá Asturias tí gbogbo wọn ń gbé sókè yẹn, ẹ̀bùn obìnrin yìí ló wà lórí rẹ̀.