Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ológbò yín ní paracetamol

Láti ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí, n kò lè pa á mọ́ra mọ́.

Àbúrò mi obìnrin rí i pé ológbò òun ń tiro. Àánú ṣe é. Ó ṣẹ́ paracetamol sí méjì, ó lọ ìdajì kan lúbúlúbú, ó pò ó mọ́ ẹja. Ìdajì péré. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ojú ológbò ti wú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Dókítà ẹranko ká ètè rẹ̀ sókè fún wa. Èrìgì tó yẹ kó pọ́n ti di àwọ̀ eérú. Ẹ̀jẹ̀ tó fà lára rẹ̀ rí bí omi kòkó. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Èékánná kan tó ya ló ń jẹ́ kó tiro.

"Ìdajì ni kí o fún un, ó kéré." Gbólóhùn táwọn èèyàn máa ń sọ yìí ni mo ń bá jà. Bí a ṣe ń ṣe fún ọmọdé nìyẹn, àmọ́ ológbò kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Nínú ẹ̀dọ̀ tiwa, èròjà kan wà tó ń ká paracetamol lápá kò, tí a ó fi tọ̀ ọ́ dànù. Ti ológbò kò tó nǹkan. Oògùn náà á di májèlé, á ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi pé kò lè gbé afẹ́fẹ́ kiri mọ́. Ẹranko ń mí, afẹ́fẹ́ ò dé ara. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdajì hóró jẹ́ mílígíráàmù 250. Fún ológbò kílò 4, ó lé ní 60 lórí kílò kan, bẹ́ẹ̀ 10 péré lórí kílò kan ti ṣe àwọn mìíràn ní jàǹbá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá, ibuprofen àti diclofenac tẹ́ ẹ ń lò fún ẹ̀yìn dídùn ń dá egbò sí wọn níkùn, ó sì ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Bó bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró. Ìpara orúnkún náà ńkọ́? Ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fi kàn wọ́n lára, torí wọ́n ń lá ara wọn.

Mo mọ̀ pé epo pupa ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ẹ̀rọ̀ kọ́ nìyí o. Tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tó ń gbà wọ́n wà lọ́wọ́ dókítà ẹranko, acetylcysteine ni, àmọ́ kíákíá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì mú páálí oògùn tó jẹ dání.

Àbúrò mi kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn ológbò yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìdajì kejì ṣì wà lórí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ títí di àná, mo sì bá a kó o dànù.