Ẹgbẹ́ D&D lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ká máa wá a kiri ni, ká sanwó ni, àbí ká dá tiwa sílẹ̀?

Akínyẹlé_Ìbàdàn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń wá ẹgbẹ́ tá a ó jọ máa ṣe D&D. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Dungeons & Dragons lorúkọ rẹ̀ ní kíkún, eré ìtàn ni. Ẹnì kan ló ń darí rẹ̀, òun là ń pè ní DM. Àwọn mẹ́ta sí márùn-ún tó kù, kálukú ní ẹ̀dá ìtàn tiẹ̀. Wàá sọ ohun tí ẹ̀dá rẹ fẹ́ ṣe, wàá ju dáìsì olójú 20, iye tó bá já sí ni yóò sọ bóyá ó bọ́ sí i. Láti 1974 ló ti wà. Nígbà yẹn, àfi kẹ́ ẹ jọ jókòó yí tábìlì ká. Lónìí, Discord la fi ń sọ̀rọ̀, Roll20 tàbí Foundry la fi ń wo máàpù.

Ibi tó ti dùn mí nìyí: tí mo bá kọ̀wé sí àwọn tó ń wá èèyàn lórí r/lfg, ojúewé Reddit tí wọ́n ti ń wá ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ kì í dáhùn. Àwọn tó bá sì gbà mí, ẹgbẹ́ wọn kì í pẹ́ tú ká. Ẹ̀dá ìtàn mi ò tíì kọjá ìpele kejì rí. Ṣé kí n máa wá a bẹ́ẹ̀ lọ ni, kí n sanwó fún DM ni, àbí kí n dá tèmi sílẹ̀?

Àǹtí_Leeds
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe eré yìí, ohun tí mo sì rí ni pé àsìkò ń pa ẹgbẹ́ ju ìjà lọ. Àwọn tó tú ká yẹn, aago mélòó ni wọ́n ń jókòó? Ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú ìkéde tó ò ń kà. Aago méje alẹ́ ní New York, aago méjìlá òru ni ní Ìbàdàn. Tí wọ́n bá wá yí aago wọn padà nínú oṣù kọkànlá, ó di aago kan òru. Ẹni tó máa jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ò lè bá wọn ṣe é pẹ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kó o kọjú sí. Láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago wa bára mu. Àwọn oṣù tó kù, wákàtí kan péré lẹ fi ṣáájú wa. Brazil náà dáa: tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù ní São Paulo, aago mẹ́jọ alẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ, wọn kì í sì yí aago padà mọ́. Ti Amẹ́ríkà tó o lè gbà ni èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án òpin ọ̀sẹ̀.

Ohun kejì: má wọnú eré gígùn pẹ̀lú àwọn tó ò bá pàdé rí. One-shot ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí lálẹ́ ọjọ́ kan. Láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin yẹn, wàá ti mọ ẹni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíì, wàá mọ ẹni tó ń fetí sílẹ̀, wàá sì mọ ẹni tó jẹ́ pé fóònù ló ń tẹ̀ nígbà tí kò bá kàn án. Kọ orúkọ àwọn tó wù ẹ́ sílẹ̀, kó o sì pè wọ́n nígbà tó bá yá. Bí ẹgbẹ́ tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Dèjì_Houston
Àǹtí, ọ̀rọ̀ aago yẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa ti inú one-shot kan bọ́ sí òmíì títí á fi rí ẹni mẹ́rin tó wù ú, ọdún lè yí po lórí ẹ̀. Kí Akínyẹlé sanwó ni tèmi. Lórí StartPlaying, ìkànnì tí wọ́n ti ń sanwó fún DM, DM ló ń dá iye tó fẹ́ gbà lé ìjókòó kan, dọ́là 15 sí 20 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Wàá ti ka ohun tí àwọn tó bá a ṣeré rí sọ nípa rẹ̀ kó o tó san kọ́bọ̀. Yóò dé lásìkò nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Tí ẹnì kan bá yọwọ́, yóò wá ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí ẹ sì jọ jókòó náà sanwó, wọn ò ní kàn pòórá.

Ọmọ_Ọ̀ṣogbo
Bọ̀dá Dèjì, ẹ má bínú, dọ́là ni owó oṣù yín. Dọ́là 15 lọ́sẹ̀, ọgọ́ta dọ́là ni lóṣù. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó ju ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 pé òṣìṣẹ́ tó kéré jù gbọ́dọ̀ máa gbà lóṣù. Ẹ fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíì fi owó oṣù ṣeré?

Kó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Kò sóhun tó ń dí i lọ́wọ́. Láti oṣù kìíní 2023 ni àwọn tó ni D&D ti fi ìpìlẹ̀ òfin eré náà, èyí tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1, sábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì lè gbà á padà. Tí D&D ò bá wù ú, gbogbo òfin Pathfinder, eré míì tó jọ ọ́, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Archives of Nethys, àwọn tó ni eré náà ló fọwọ́ sí i. Roll20 ò gba owó kó o tó bẹ̀rẹ̀. Foundry ló ń gba owó, DM nìkan ló sì ń rà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nídìí eré yìí, òǹṣeré pọ̀, DM ló wọ́n. Ọjọ́ tí Akínyẹlé bá kéde pé òun fẹ́ darí eré, àwọn tó ń wá a á pọ̀ dé ibi tí yóò ti máa ṣà wọ́n.

Dèjì_Houston
Àbúrò, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náírà yẹn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì kọjá ìpele kejì, tí kò tíì jókòó nídìí eré tó dáa rí, kí ni yóò fi ṣe àwòkọ́ṣe? Òun nìkan ló máa mú òfin dání, òun ló máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo àwọn tí àwọn òǹṣeré bá pàdé lọ́nà, òun ló máa múra ìtàn sílẹ̀, kí ó sì tún máa pe àwọn àgbà mẹ́rin tó ń gbàgbé ọjọ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí iṣẹ́ yẹn sú. Mi ò ní kó máa sanwó títí ayé. Kó san ti ẹ̀ẹ̀kan, kó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọmọ_Ọ̀ṣogbo
YouTube kún fún àwọn tó ń ṣe é. Kó wò ó níbẹ̀.

Àǹtí_Leeds
Níbẹ̀ ni mi ò ti tẹ̀ lé ẹ, àbúrò. Àwọn tó lókìkí jù lára àwọn yẹn, òṣèré tó fi ohùn ṣiṣẹ́ jẹun ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti wá sídìí eré wa tí wọ́n ń retí irú ìyẹn, nígbà tí wọ́n rí i pé àwa ń ṣàṣìṣe nínú ìṣirò, tí ọmọ ẹnì kan ń ké lẹ́yìn, wọ́n bá tiwọn lọ. Kí Akínyẹlé jókòó pẹ̀lú èèyàn gidi.

Alákọsílẹ̀_Abẹ́òkúta
Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ìjà pẹ̀lú dírágónì ńkọ́? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, àwọn ará òkè òkun ò sì mọ̀ pé kì í ṣe pé o sá lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni dá ọjọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣe èyí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. A ní Discord tiwa. DM á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kálukú á kọ èsì rẹ̀ nígbà tó bá ráyè, bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà, tó ń jẹ́ Avrae ló ń bá wa ju dáìsì. Ìkànnì RPoL náà wà, ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan, àṣejù ohùn ò sí níbẹ̀, ìtàn náà sì máa ń dùn kà.

Ọmọ_Ọ̀ṣogbo
Èyí tí wọ́n ń kọ yẹn ló tètè ń kú jù. Ẹnì kan á dákẹ́ lọ́sẹ̀ kan, gbogbo wọn á dákẹ́. Ìjà kan ṣoṣo lè gba oṣù kan.

Alákọsílẹ̀_Abẹ́òkúta
Ó ń kú níbi tí wọn ò bá ti fi òfin sí i. Tiwa, tí wákàtí 48 bá kọjá tó ò kọ nǹkan, DM ló máa pinnu ohun tí ẹ̀dá rẹ ṣe, eré á sì máa lọ. Ìtàn kékeré la máa ń mú, a kì í bẹ̀rẹ̀ èyí tó máa gba ọdún. Ohun tó yẹ kí Akínyẹlé béèrè kó tó wọ ẹgbẹ́ kan nìyẹn: tí ẹnì kan ò bá wá, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹgbẹ́ tó ní ìdáhùn sí i ló lè pẹ́.

Ìbídùn_Èkó
Owó, aago, iná. Mo ti kà á dé ibí, kò tíì sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe síni nídìí eré. Mo wọ ẹgbẹ́ kan, aago wọn bá mi mu, DM wọn mọ òfin dáadáa. Jagunjagun tó ń jẹ́ Àdùnní ni mo mú wá. DM ní orúkọ náà le, ó sọ ọ́ di Addie láìbi mí. Ilé ọtí yòówù ká wọ̀ nínú ìtàn náà, ọkùnrin kan á ṣáà máa fọwọ́ kan Àdùnní. Mo ní mi ò fẹ́ irú ẹ̀. Wọ́n ní eré lásán ni, pé bí ayé àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Ayé àtijọ́ tí dírágónì ti ń fò! Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jáde.

Nítorí náà, lójú tèmi, ẹgbẹ́ tí kò bá ṣe session zero, ìyẹn ìjókòó tí ẹ ó fi sọ̀rọ̀ kí dáìsì tó kan ilẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Níbẹ̀ lẹ ó ti sọ ohun tí ẹ ò fẹ́ rí nínú ìtàn. Ẹ bi DM bóyá ó ń lo X-card tí John Stavropoulos dá sílẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà X lásán lèèyàn ń tẹ̀, wọ́n á fo ibi tí ìtàn dé, wọn ò sì ní bi yín nídìí. Tí DM bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ ti rí ìdáhùn tẹ́ ẹ nílò.

Ọmọ_Ọ̀ṣogbo
Àǹtí Ìbídùn, ẹ pẹ̀lẹ́, ìwà ẹ̀gbin ni wọ́n hù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé àwọn kan ti sọ session zero di fọ́ọ̀mù olójú ewé púpọ̀, ẹni tó kàn fẹ́ ṣeré á sì sá.

Ìbídùn_Èkó
Mi ò sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹni tó bá sá fún ìyẹn, mi ò fẹ́ bá a jókòó.

Dèjì_Houston
Ìbídùn, bó ṣe pè ẹ́ ní Addie yẹn dùn mí. Ṣé kò wá ní dáa kí a ṣe ti àwa Yorùbá nìkan, ká máa fi èdè wa ṣe é?

Ìbídùn_Èkó
Ó wù mí, àmọ́ tá a bá sọ pé Yorùbá nìkan, a lè má rí ẹni márùn-ún tí aago wọn bára mu. DM tó máa bi mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi tó mi, ibi yòówù kó ti wá.

Àǹtí_Leeds
Ẹgbẹ́ tèmi, ọmọ Brazil kan wà níbẹ̀, ará Poland méjì wà níbẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìjókòó àkọ́kọ́ ni wọ́n ti bi mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹ̀dá mi. Irú wọn wà.

Akínyẹlé_Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò ní sanwó, Bọ̀dá Dèjì, kò sí i lápò. N kò sì ní kọ̀wé sí ìkéde alẹ́ Amẹ́ríkà mọ́. Màá darí one-shot fúnra mi. Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"One-shot D&D, ìpele kìíní, ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́jọ alẹ́ Nàìjíríà, wákàtí mẹ́ta. Ààyè mẹ́rin. Discord, ohùn nìkan, kò sí fídíò. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí gẹ́gẹ́ bíi DM. A ó sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí ká tó bẹ̀rẹ̀, X-card wà. Tí iná ẹnì kan bá lọ, DM á di ẹ̀dá rẹ̀ mú títí yóò fi padà. Tó bá dùn mọ́ wa, a ó jọ pinnu bóyá a ó máa bá a lọ."

Àǹtí_Leeds
Ó dáa. Fi UTC+1 sí ẹ̀gbẹ́ aago yẹn, kò sẹ́ni tó mọ aago Nàìjíríà ní Poland. Mú èèyàn márùn-ún, ẹnì kan ò ní wá.

Dèjì_Houston
Mi ò tíì gbà pé DM ọ̀fẹ́ máa pẹ́, ṣùgbọ́n aago méjì ọ̀sán ni ìyẹn lọ́dọ̀ mi, a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Fi orúkọ mi sí i. Ẹ̀dá ìtàn tó jẹ́ àlùfáà ni màá mú wá.

Ìbídùn_Èkó
Èmi náà. Àdùnní ń bọ̀.

Alákọsílẹ̀_Abẹ́òkúta
Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Tí ẹ bá ṣe èyí tí wọ́n ń kọ, ẹ pè mí.